Òfin Igbó Iwin: Ìtàn Eré Orí Tábìlì Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ mu, nítorí pé eré tí mo fẹ́ pa ìtàn rẹ̀, eré àlejò ni. Àwọn tí ń ṣe é a máa fi ọkàn rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, wọn a sì máa wò ó bóyá àwọn yóò padà wálé láìfarapa. Nígbà tí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ilẹ̀ iwin, àìríran àlejò di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì rí eré náà rí, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí. Àwọn yòókù á gbé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan wọ̀: ọ̀kan á ní ọdẹ ni òun, èkejì á ní akọrin ni òun, ẹ̀kẹta á ní oníṣègùn. Olùdarí á wá sọ pé: ‘Ẹ dé etí odò kan. Obìnrin arúgbó kan jókòó lórí àpáta, ó ń ya irun rẹ̀. Kí ni ẹ óò ṣe?’ Oníkálukú á fèsì bí ẹ̀dá tí ó gbé wọ̀ yóò ti fèsì. Ibi tí ‘bóyá’ bá ti wọ ọ̀rọ̀, wọn a da dáìsì, irú èyí tí àwọn ọmọ wa fi ń ta lúdò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú tiwọn ní ojú 20. Eré náà kì í tán lóòjọ́. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ó sì lè gba ọdún. Nítorí náà olùdarí gbọ́dọ̀ ti pète ilẹ̀ náà, àwọn ará ibẹ̀ àti ìṣòro ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.

Ìpète yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé òfin ni iwin fi ń jẹ́ iwin. Olùdarí tí ó bá pète ìwo, eyín àti ìyẹ́, tí kò pète èèwọ̀, ẹranko igbó ni ó pète. Ìtàn eré náà fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́rìí sí èyí.

Ogun ni baba eré

Ojú ogun ni irú eré yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1812, ọkùnrin ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Prussia, tí ó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà, gbé tábìlì kan kalẹ̀ níwájú ọba Friedrich Wilhelm Kẹta. Georg Leopold von Reisswitz ni orúkọ rẹ̀. A lè to òkè, odò àti ọ̀nà sórí tábìlì náà, kí àwọn ọ̀gágun lè fi kọ́ bí a ti í darí ọmọ ogun. Ọmọ rẹ̀, Georg Heinrich, tí òun náà jẹ́ sójà, tún eré náà ṣe, ó sì tẹ àwọn òfin rẹ̀ jáde ní 1824. Ohun méjì nínú iṣẹ́ ọmọ yìí ni ó kàn wá. Èkíní ni pé dáìsì ni ó fi dúró fún ohun tí ọgbọ́n ọ̀gágun kò lè ká. Èkejì ni pé ó fi onídàájọ́ sí àárín: ẹni tí ó mọ ohun tí ìhà méjèèjì ń ṣe, tí ó sì ń sọ fún ìhà kọ̀ọ̀kan kìkì ohun tí ojú rẹ̀ lè tó. Onídàájọ́ yìí ni baba-ńlá olùdarí eré òde òní.

Eré náà kò dúró sí bárékè. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan tí ó pè ní Little Wars, níbi tí ó ti kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti í fi sójà ìṣeré jagun nínú yàrá. Ní 1971, Gary Gygax àti Jeff Perren tẹ Chainmail jáde ní Amẹ́ríkà. Eré ogun àwọn ajagun ayé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi àfikún kan sí i fún oṣó, dírágónì àti irú wọn. Láàrin àkókò kan náà, Dave Arneson ní ìpínlẹ̀ Minnesota ń darí eré kan tí ó pè ní Blackmoor. Nínú tirẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń darí, bí kò ṣe ẹ̀dá kan ṣoṣo tí ó ní orúkọ, tí ó sì ń gbọ́n sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ní 1974, Gygax àti Arneson pa ọgbọ́n pọ̀, Dungeons & Dragons sì jáde láti ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀.

Ẹní bíni là á jọ. Ọmọ ogun ni eré yìí, ìṣirò sì ni ó jogún. Nínú ìwé 1974 náà, àwọn iwin kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn iwin inú igi ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ń ka ọmọ ogun ni wọ́n ṣe kà wọ́n: iye tí a lè bá pàdé, bí ara wọn ti le tó, bí ẹsẹ̀ wọn ti yá tó, ìṣúra tí wọ́n ní nílé. Ẹni tí ó bá ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni yóò rò láti ṣe ju pé kí ó pa wọ́n, kí ó kó ìṣúra wọn lọ?

Ohun tí àlùfáà Aberfoyle kọ sílẹ̀

Kí àwọn oníṣirò tó dé, báwo ni àwọn tí ó gba iwin gbọ́ ṣe mọ̀ wọ́n? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Skọ́tílándì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó níye lórí jù ti wá. Robert Kirk jẹ́ àlùfáà ìjọ Aberfoyle. Ó gbọ́ èdè Gaelic dáadáa. Ó tẹ ìwé Orin Dáfídì jáde ní èdè náà ní 1684, ó sì ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì èdè náà tí a tẹ̀ ní London ní 1690. Àwa tí a mọ iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lórí èdè tiwa yóò mọyì irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1691, Kirk kọ ìwé kan lórí ohun tí àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ nípa iwin. Ìwé náà kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé títí di 1815.

Àwọn iwin tí Kirk kọ nípa wọn kò ní ìyẹ́ labalábá. Inú òkè ni wọ́n ń gbé. Ara wọn fúyẹ́ bí ìkùukùu. Wọ́n ní aláṣẹ, wọ́n ní òfin, wọ́n sì máa ń ṣí kúrò láti ibùgbé kan sí òmíràn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n bẹ̀rù irin. Wọn a máa gbé abiyamọ lọ kí ó lè fún ọmọ wọn lọ́mú. Lẹ́nu kan, ìlú ni wọ́n jẹ́, ìlú tí ó bá tiwa pààlà.

Nítorí pé ìlú ni wọ́n, wọ́n ní èèwọ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu Skọ́tílándì àti Áyálándì sì kún fún un. Má jẹ oúnjẹ wọn, bí o bá fẹ́ padà sílé. Má pè wọ́n ní orúkọ tí ó jẹ́ tiwọn gan-an. ‘Àwọn aládùúgbò rere’ ni kí o máa pè wọ́n. Èyí kò ṣàjèjì sí wa, àwa tí a kì í dárúkọ ejò lóru, tí a ń pè é ní okùn ilẹ̀. Má ṣe ìlérí tí o kò lè mú ṣẹ. Sì rántí pé aago ibẹ̀ kì í ṣe aago tiwa: alẹ́ ijó kan lọ́dọ̀ wọn lè jẹ́ odidi ọdún nílé. Wọ́n sọ pé Thomas ará Erceldoune lo ọdún 7 lọ́dọ̀ ọbabìnrin wọn, nígbà tí ó sì dé, ahọ́n rẹ̀ kò lè purọ́ mọ́. Ẹ̀bùn ni àbí ìyà? Ìtàn náà kò sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn rẹ̀ wà. Kirk fúnra rẹ̀ kú ní 1692, àwọn ará Aberfoyle sì ń sọ títí di òní pé kò kú, pé àwọn iwin ni ó gbé e wọ inú òkè nítorí àṣírí tí ó tú.

Bí iwin ṣe di ohun ọ̀ṣọ́

Ní nǹkan bí 1595 ni Shakespeare kọ A Midsummer Night’s Dream. Ọba àti ọbabìnrin iwin inú eré náà ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjà wọn ń da ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò rú, ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ wọn ń jẹ́ orúkọ bí Ìtàkùn Aláǹtakùn àti Hóró Músítádì. Láti ibẹ̀ ni àwọn akéwì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n di kékeré. Nígbà tí eré Peter Pan jáde ní 1904, iwin inú rẹ̀ kò ju ìmọ́lẹ̀ bíńtín tí ń fò káàkiri orí ìtàgé lọ.

Ní 1917, ọmọbìnrin méjì ní abúlé Cottingley, Elsie Wright, ọmọ ọdún 16, àti Frances Griffiths, ọmọ ọdún 9, ya fọ́tò ara wọn pẹ̀lú àwọn iwin oníyẹ̀ẹ́. Arthur Conan Doyle, tí ó kọ ìtàn Sherlock Holmes, gba fọ́tò wọ̀nyí gbọ́, ó sì kéde wọn nínú ìwé ìròyìn Strand ní 1920. Ní 1983 ni àwọn méjèèjì, tí wọ́n ti darúgbó, jẹ́wọ́ pé bébà ni àwọn gé. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu kì í ṣe pé ọ̀mọ̀wé gba bébà gbọ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé iwin tí ó gbà gbọ́ kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní èèwọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìgbàgbọ́ àtijọ́ kò ní oró. Ní oṣù kẹta ọdún 1895, ní Ballyvadlea ní Áyálándì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Michael Cleary dáná sun ìyàwó rẹ̀, Bridget, ẹni ọdún 26 tí ó jẹ́ aránṣọ. Ara obìnrin náà kò yá; ọkọ rẹ̀ sì ní kì í ṣe ìyàwó òun, pé iwin ti gbé tòótọ́ lọ, wọ́n fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 20, ó sì lo 15 níbẹ̀. Kí a tó mi orí sí wọn, ẹ jẹ́ kí a rántí àbíkú tiwa, àti àmì tí a máa ń kọ sára òkú ọmọ kí ó má baà padà wá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn ti tọ́ka sí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìbànújẹ́ tí kò ní àlàyé ni ó bí ìtàn méjèèjì. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ fi iwin tí ń jí ọmọ gbé ṣeré, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn tí yóò jókòó sí tábìlì rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò tẹ́ wọn lọ́rùn. A kì í mọ ẹni tí ó ti sin ọmọ.

Òfin padà sínú eré

Ó gba àkókò kí òfin tó padà sínú eré. Gygax fúnra rẹ̀, nínú ìwé tí ó kọ fún àwọn olùdarí ní 1979, to orúkọ àwọn òǹkọ̀wé tí ó ràn án lọ́wọ́. Poul Anderson wà lára wọn, ẹni tí ó kọ ìtàn nípa ayé kan tí ilẹ̀ iwin àti ilẹ̀ ènìyàn ti ń bára wọn figagbága. Ní 1987, Ars Magica ti Jonathan Tweet àti Mark Rein-Hagen fún agbára iwin ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára ọ̀run, ti èṣù àti ti idán. Ní 1995, Changeling: The Dreaming yí ojú eré padà: àwọn tí ń ṣeré ni iwin, wọ́n sì gbé ara ènìyàn wọ̀. Ní 2008, ẹ̀dà kẹrin Dungeons & Dragons ya ilẹ̀ odidi sọ́tọ̀ fún iwin, wọ́n pè é ní Feywild.

Ní 2021 ni The Wild Beyond the Witchlight jáde. A lè bá ìrìnàjò inú rẹ̀ dópin láìja ìjà kankan. Ẹ̀dá tí ènìyàn gbé wọ̀ lè ti pàdánù ohun kan níbi àríyá iwin nígbà èwe rẹ̀, bí ẹ̀rín músẹ́ tàbí ìmọ̀ ọ̀nà, kí ó sì máa wá a kiri. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé òfin mẹ́ta ni ó ń darí ilẹ̀ náà: òfin ìgbàlejò, òfin ohun-ìní, àti òfin pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ fi irú rẹ̀ san án padà. Ọdún 47 ni ó ti kọjá lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́ nígbà tí èyí jáde. Ohun tí Kirk mọ̀ láìda dáìsì ni wọ́n padà wá bá.

Bí a ṣe lè pète ilẹ̀ iwin

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí fún ẹni tí ó fẹ́ pète irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kí ó kọ́kọ́ pète, kì í ṣe ààfin. Ibi tí nǹkan méjì ti pàdé ni ẹnu ọ̀nà iwin máa ń wà: etí odò, oríta, àṣálẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ èèwọ̀ mẹ́ta sílẹ̀, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì fi ọ̀nà tí àlejò lè gbà mọ̀ wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n tó rú wọn: ọmọdé tí ó kọ oúnjẹ, arúgbó tí ó ń pe ara rẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn. Èèwọ̀ tí àlejò kò lè mọ̀, ìrẹ́jẹ ni. Kí iwin náà wà lábẹ́ òfin yìí pẹ̀lú, nítorí pé ibi tí ó bá ti dè wọ́n ni ọgbọ́n àlejò yóò gbà yọ. Kí owó ọjà ibẹ̀ má ṣe jẹ́ wúrà. Kí ó jẹ́ ohun tí ẹ̀dá náà yóò ṣàárò rẹ̀, bí ohùn ìyá rẹ̀. Níkẹyìn, kí ó pète ilé tí wọn yóò padà sí. Bí ọdún mẹ́wàá bá ti kọjá, ta ni ó ń gbé inú ilé wọn?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ń ta irú eré yìí wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n to orúkọ àwọn iwin ilẹ̀ Yorùbá fún àwọn, kí n sì sọ bí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó. Mo sọ fún wọn nípa egbére, ẹ̀dá kúkúrú tí ń gbé ẹní kiri, tí ń sunkún, tí ẹni tí ó bá gba ẹní rẹ̀ yóò fi di olówó. Ọ̀kan nínú wọn ní, ‘Sà, ó rọrùn nígbà náà. A ó kàn já ẹní náà gbà ni.’ Mo ní, ‘Ẹ já a gbà. Ẹkún náà ńkọ́? Ta ni yóò máa gbọ́ ọ?’ Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan sọ pé bí òun bá jẹ́ olùdarí, ẹni tí ó gba ẹní kò ní í sùn láìgbọ́ ẹkún náà mọ́. Àfikún tirẹ̀ ni, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kankan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti kúrò nídìí ìṣirò, ó ti wọ inú igbó.

Kò sí ìdí tí ọ̀nà yìí fi yẹ kí ó ṣòro fún wa. Ta ni kò gbọ́ ìtàn ọdẹ tí ó fẹ́ ẹfọ̀n tí ó di obìnrin? Ọdẹ gbé awọ rẹ̀ pamọ́, wọ́n jọ dá májẹ̀mú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ìdílé rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyáálé fi í bú ni ó gbé awọ wọ̀, tí ó padà sígbó. Àwọn ará Skọ́tílándì ní irú ìtàn yìí nípa ẹranko òkun kan tí awọ rẹ̀ wà nípamọ́ lọ́wọ́ ọkọ. Kì í ṣe ìwo ẹfọ̀n ni ó gbé ìtàn náà ró, bí kò ṣe májẹ̀mú.

D. O. Fágúnwà mọ èyí. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọdún 36 ṣáájú eré àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ọdẹ ni ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó. Oníkálukú wọn ni ó ní ẹ̀bùn tirẹ̀: Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dóyé ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Ẹ̀fọ́ìyẹ́ ní ọfà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ eré orí tábìlì yóò mọ irú ẹgbẹ́ yìí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n jà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni wọ́n jókòó sí, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì fi gbọ́ ẹ̀kọ́. Igbó tí ó kún fún ẹ̀rù ni Fágúnwà fi ṣe ọ̀nà dé ilé ìwà.

Kí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣeré. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Bí ó wù wọ́n, kí wọ́n lọ sí ilẹ̀ iwin Skọ́tílándì, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún òfin ibẹ̀. Bí ó sì jẹ́ igbó tiwa ni wọ́n fẹ́ wọ̀, kí wọ́n má ṣe kó orúkọ iwin wa sínú àkọsílẹ̀ ohun pípa, kí òfin wa sì ṣẹ́kù síta. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Igbó ni kí olùdarí kọ́kọ́ wò, kí ó kọ èèwọ̀ rẹ̀ sí ojú ewé kìíní, kí ó tó sọ iwin kankan lórúkọ.